Kó fọwọ́ sí i ni, àbí kó kọ́kọ́ rí lọ́yà? Ìṣẹ̀lẹ̀ akọ̀wé ibi ìkẹ́rùsí kan ní Àgbárá

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ilé iṣẹ́ kan ní agbègbè Àgbárá, ìpínlẹ̀ Ògùn, bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan sí yàrá ìpàdé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ obìnrin ẹni ọdún 41, akọ̀wé ibi ìkẹ́rùsí. Òun ló ń kọ ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde, òun náà ló ń bá àwọn awakọ̀ fọwọ́ sí ìwé ẹrù. Owó oṣù rẹ̀, kí wọ́n tó yọ ohunkóhun níbẹ̀, jẹ́ ₦240,000. ₦110,000 nínú rẹ̀ ni basic (ojúlówó owó oṣù láìka àjẹmọ́nú), ìyókù sì jẹ́ owó ilé àti owó ọkọ̀. Ìwé méjì ni wọ́n nà sí i. Èkíní jẹ́ lẹ́tà ojú ìwé kan tó sọ pé ọjà ò tà, ilé iṣẹ́ sì ń dín òṣìṣẹ́ kù. Èkejì jẹ́ àdéhùn ojú ìwé mẹ́rin, tí àyè ìfọwọ́sí wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní kó fọwọ́ sí i kó sì dá a padà kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé tó lù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó inú rẹ̀ bọ́.

Ohun tí ìwé náà ṣèlérí nìyí: owó oṣù kan dípò ìkìlọ̀, ₦240,000; basic oṣù kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó fi ṣiṣẹ́, wọ́n ní ọdún mẹ́sàn-án ni, ó jẹ́ ₦990,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦1,230,000. Wọ́n wá yọ ₦96,000 fún owó orí àti ₦180,000 fún gbèsè àjẹsẹ́kù. Ó ku ₦954,000.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ìmọ̀ràn méjì ti dé. Ọkọ rẹ̀ ní kó gbowó kó máa lọ, nítorí owó ilé ìwé ọmọ ti fẹ́ yá, àti pé lọ́yà yóò kàn jẹ níbẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tó jẹ́ lọ́yà lóòótọ́ ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló ń ṣe, ní kó má fọwọ́ kan kọ́bọ̀: "Jẹ́ ká gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ọmọ mi. Mílíọ̀nù lọ́nà mẹ́wàá ni wọn yóò san."

Ìmọ̀ràn àgbà yẹn dùn létí, ṣùgbọ́n òun ló léwu jù. Lójú òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni tí wọ́n dá dúró lọ́nà tí kò bá àdéhùn mu kì í sábà gbà ju owó àsìkò ìkìlọ̀ tó yẹ kí wọ́n fún un lọ, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ ti Orílẹ̀-èdè, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní NICN, tí àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 2010 fún lágbára sí i, máa ń wo ọ̀rọ̀ náà kọjá ibẹ̀ nígbà mìíràn, pàápàá níbi tí ilé iṣẹ́ kò ti sọ ìdí kankan. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ yìí sọ ìdí. Ẹni tó bá ní kí òṣìṣẹ́ ju mílíọ̀nù kan sílẹ̀ kó lọ máa lépa mẹ́wàá, ó yẹ kó kọ́kọ́ sọ ibi tí mẹ́wàá náà yóò ti jáde.

Ìmọ̀ràn ọkọ náà ní kùdìẹ̀-kudiẹ tirẹ̀. Ó gbà pé iṣẹ́ kan ṣoṣo tí lọ́yà ní ni ìjà. Nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, kíkà ni iṣẹ́ lọ́yà, kíkà ìwé kí owó tó wọlé. Àwọn ilé ẹjọ́ wa ti sọ ọ́ léraléra pé òṣìṣẹ́ tó bá ti gba owó ìdádúró tó sì ti ná an kò tún lè padà wá sọ pé wọn kò dá òun dúró bó ṣe yẹ. Gbígbà ni ó ti ilẹ̀kùn. Nítorí náà, lọ́yà tí wọ́n rí ní ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó fọwọ́ sí i lè ṣe púpọ̀. Èyí tí wọ́n rí ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, ìbánikẹ́dùn ló kù tó lè ṣe.

Òfin ilẹ̀ wa kò sì ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ lórí àsìkò. Ní Ìlú Ọba, irú àdéhùn yìí kò lè dí òṣìṣẹ́ lọ́nà láti pe ẹjọ́ tí òfin iṣẹ́ fún un bí kò bá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ onímọ̀ tí kò sí lẹ́yìn ilé iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ti pé ogójì ọdún ní ó kéré tán ọjọ́ 21 láti ronú kó tó yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ẹ̀sùn ọjọ́ orí, àti ọjọ́ 7 láti yí ọkàn padà lẹ́yìn tó bá fọwọ́ sí i. Ní Nàìjíríà, ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ bá kọ síbẹ̀ ni ọjọ́ náà, àfi bí òṣìṣẹ́ bá béèrè fún sí i.

Ó béèrè. Àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì ló fi ímeèlì kúkúrú ránṣẹ́ sí HR, ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́: ó ti rí ìwé náà gbà, ó ń kà á, ó fẹ́ kí wọ́n fún òun di Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ó sì fẹ́ ẹ̀dà ìwé ìlànà òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí. Kò bínú, kò halẹ̀, kò sì sọ bóyá òun yóò fọwọ́ sí i tàbí òun kò ní fọwọ́ sí i. Ní ọ̀sán, wọ́n fèsì pé ó di Ọjọ́bọ̀. Ó yẹ kí àwọn tó ń gba òṣìṣẹ́ nímọ̀ràn mọ èyí: gbèdéke kúkúrú bí irú èyí sábà máa ń jẹ́ ohun tí HR fi ń dán ènìyàn wò. Ilé iṣẹ́ fẹ́ ìfọwọ́sí yẹn ju bí wọ́n ṣe ń ṣe lójú lọ, nítorí òun gan-an ni wọ́n ń fi owó rà.

Bóyá kó wá lọ́yà tàbí kó má wá a, ìṣirò ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgboyà. Obìnrin náà jókòó ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, ó tẹ́ ìwé rẹ̀ sílẹ̀: lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ àkọ́kọ́, lẹ́tà ìfẹsẹ̀múlẹ̀, ìwé owó oṣù ọdún kan gbáko, àkọsílẹ̀ ọjọ́ ìsinmi, ìwé àjẹsẹ́kù, àti àkọsílẹ̀ àpò owó ìfẹ̀yìntì tó gbà láti ọ̀dọ̀ àwọn alábòójútó owó náà lórí fóònù. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ó ti rí ohun mẹ́ta fúnra rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Èkíní, ọjọ́ ìsinmi 14 wà nílẹ̀ tí kò tíì lò. Ìwé ìlànà ní kí wọ́n pín owó oṣù sí 22 láti mọ owó ọjọ́ kan. Ó jẹ́ ₦152,727, kò sì sí nínú àdéhùn rárá. Èkejì, gbèsè àjẹsẹ́kù ₦180,000 tí wọ́n yọ jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ó ní ₦265,000 ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan náà. Àjẹsẹ́kù kì í ṣe ẹ̀ka ilé iṣẹ́. Ẹgbẹ́ tó dá dúró ni, ó sì ní ìwé òfin tirẹ̀. Ẹgbẹ́ ló yẹ kó yọ gbèsè kúrò nínú ìpamọ́, kó sì fún un ní ₦85,000 tó kù. Ẹ̀kẹta ló bà á lọ́kàn jẹ́ jù: fún oṣù méje, wọ́n ń yọ ₦19,200, ìyẹn ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, lára owó rẹ̀ fún owó ìfẹ̀yìntì, síbẹ̀ ohunkóhun kò wọ àpò rẹ̀. Pẹ̀lú ìdá mẹ́wàá tí ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi kún un, ₦43,200 ni lóṣooṣù, ₦302,400 lápapọ̀. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí owó náà dé ibi tó yẹ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó oṣù.

Ibí yìí ni ìpinnu ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Ohun tí kò sí nínú ìwé ti lé ní ₦500,000, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì mọ ohun tí òun kò lè dá rí nínú ojú ìwé mẹ́rin náà. Lọ́yà tó ń ṣe ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní Ìkẹjà ní ₦60,000 ni òun yóò gbà láti ka ìwé, jókòó pẹ̀lú rẹ̀, kí òun sì bá a kọ lẹ́tà kan. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń di ọjà sínú páálí, tó ti lo oṣù 14 péré, wà lára àwọn tí wọ́n pè lọ́jọ́ kan náà. Òfin iṣẹ́ fún ẹni tó ti ju oṣù mẹ́ta lọ tí kò tíì pé ọdún méjì ní ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni fún ẹni tó ti pé ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún, oṣù kan sì ni láti ọdún márùn-ún lọ sókè. Owó oṣù kan gbáko ni wọ́n fún un, ìwé ìlànà kò sì fún ẹni tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní ju ìyẹn lọ. Aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá a ka ìwé rẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó lọ. Bí ó bá san ₦60,000 fún lọ́yà, àdánù ni. Fún irú rẹ̀ tí ìyapa bá ṣì wà, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wà. Ìgbìmọ̀ Ìrànwọ́ Òfin wà fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní Èkó sì ni ibùdó ìlàjà àwọn ará ìlú tí wọn kì í gbowó.

Lọ́yà Ìkẹjà náà ka ìwé obìnrin náà fún bí wákàtí méjì. Gbólóhùn kan ní ìpínrọ̀ kejì ló kọ́kọ́ fàlà sí: "Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra mi." Lẹ́tà ní wọ́n ń dín òṣìṣẹ́ kù, àdéhùn ní òun ló kúrò. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà yóò rò pé àṣìkọ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Abala ogún òfin iṣẹ́ sọ pé bí ilé iṣẹ́ bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, kí ó sọ ìdí àti iye ènìyàn fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kí ẹni tó dé kẹ́yìn ṣáájú lọ, bí ìmọ̀ṣẹ́ àti ìṣeégbọ́kànlé bá dọ́gba, kí ó sì sa gbogbo ipá láti dúnàádúrà lórí owó tí wọn yóò san. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sí nínú gbogbo èyí. Owó tí wọ́n bá fún un di ọrẹ, ẹni tó ń ta ọrẹ sì lè wọ̀n ọ́n bó ṣe wù ú. Ìlànà basic kan fún ọdún kan inú ìwé òṣìṣẹ́ náà, ẹni tí wọ́n dín kù ló wà fún. Akọ̀wé ni obìnrin yìí, nítorí náà òfin iṣẹ́ bò ó. Bó bá jẹ́ mánẹ́jà ni, abala ogún kò ní ràn án lọ́wọ́, ìwé àdéhùn rẹ̀ nìkan ni yóò gbára lé.

Èkejì ni iye ọdún. Ilé iṣẹ́ kà á láti ọjọ́ ìfẹsẹ̀múlẹ̀. Ìwé ìlànà sọ pé láti ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ti ṣe casual, òṣìṣẹ́ tí wọn kò tíì gbà pátápátá, fún ọdún méjì ṣáájú, orúkọ ilé iṣẹ́ náà gan-an ló sì wà lórí lẹ́tà àti ìwé owó oṣù rẹ̀ nígbà yẹn. Bó bá jẹ́ pé abẹ́ kọngílá tó ń kó òṣìṣẹ́ wá ló wà ni, ẹnu lọ́yà kò ní gbà á bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni, kì í ṣe mẹ́sàn-án.

Ẹ̀kẹta fara pamọ́ sí ojú ìwé kẹrin. Bí ayẹ̀wò ọjà tí wọ́n bá ṣe láàárín oṣù 12 bá fi hàn pé ohun kan dín ní ibi ìkẹ́rùsí, yóò san án padà. Ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mọ́, tí kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ka ọjà! Gbólóhùn yìí nìkan lè gba gbogbo owó tí wọ́n fún un padà lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun, tó ka ìwé náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kò fura sí i, torí ó jọ irú ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lórí ìwé ẹrù lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ owó orí, tí lọ́yà kò pẹ́ lórí rẹ̀. Owó tí wọ́n fi tu ènìyàn nínú nítorí pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe owó oṣù, owó orí kò sí lórí rẹ̀ bí kò bá ju ₦10,000,000 lọ nígbà náà. Láti oṣù Kìíní ọdún 2026, òfin owó orí tuntun ti gbé e dé ₦50,000,000. Owó dípò ìkìlọ̀ àti ti ìsinmi nìkan ni wọ́n lè yọ nǹkan lára rẹ̀, ìyẹn ₦31,000.

Ta ni yóò wá kọ lẹ́tà? Lọ́yà ní òun yóò kọ ọ́, ṣùgbọ́n orúkọ obìnrin náà ni kó wà lábẹ́ rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ lọ́yà ti máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Bí lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ lọ́yà bá dé, HR kì í fèsì mọ́. Wọn yóò gbé e lọ fún lọ́yà tiwọn, ọ̀sẹ̀ kan yóò di mẹ́ta, ẹni tó lè sọ pé "ẹ fi kún un" kò sì ní sí lórí tábìlì mọ́. Lẹ́tà náà kò ju ojú ìwé kan àti ààbọ̀ lọ. Ó dúpẹ́, ó ní òun ṣe tán láti fọwọ́ sí i, ó wá to ohun mẹ́fà pẹ̀lú ìwé tó ti kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn: ọdún iṣẹ́, ìsinmi, owó orí, àjẹsẹ́kù, owó ìfẹ̀yìntì, àti gbólóhùn méjì tó fẹ́ kí wọ́n yọ. Ó fi ìbéèrè méjì mìíràn kún un, lórí ìwòsàn ìdílé àti lẹ́tà ìyìn. Ní ìsàlẹ̀, ó béèrè ní ìlà kan bóyá wọ́n ti fi tó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ létí, nítorí ẹni tó dé lẹ́yìn òun ṣì wà ní ibi ìkẹ́rùsí. Kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè yẹn wà níbẹ̀ fún ẹni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, ọ̀gá HR pè é wọlé. "Màdáámù, ẹ ò mọ̀ pé ẹlòmíràn ò rí èyí gbà?" Ó fèsì pé, "Mo mọ̀, ọ̀gá mi. Ìdí tí mo fi fẹ́ ká parí ẹ̀ nìyẹn." Wọ́n gbà lórí ìsinmi àti àjẹsẹ́kù lójú ẹsẹ̀, ìṣirò lásán ni. Owó orí gba ọjọ́ méjì nítorí ẹni tó ń ṣe ìwé owó oṣù ní láti béèrè. Lórí ọdún mọ́kànlá, wọ́n kọ́kọ́ ní kò ṣeé ṣe, pé bí wọ́n bá ṣe é fún un, àwọn yòókù yóò tẹ̀ lé e. Ó nawọ́ ìwé owó oṣù ọdún àkọ́kọ́ sí wọn. Wọ́n ní kí ó fún àwọn láàyè. Wọ́n gbà ní Ọjọ́ Ẹtì.

Ti ọjà tó dín ni wọ́n fà jù. Wọn kò fẹ́ yọ ọ́ pátápátá. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí sàn ju yíyọ lọ, lójú tèmi: kí wọ́n jọ ka ọjà ní ọjọ́ tó máa lo kẹ́yìn, òun, ẹni tó ń gba ipò rẹ̀, àti ẹnì kan láti ẹ̀ka ìṣirò; kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí ìwé ìfiléni-lọ́wọ́; ohunkóhun tó bá dín lẹ́yìn náà kò kàn án. Kíka ọjà gba odidi ọjọ́ kan. Páálí mẹ́rin dín, wọ́n wá ìwé, wọ́n rí i pé awakọ̀ kan ti gbé wọn jáde tí wọn kò tíì kọ ọ́ sílẹ̀. Ká ní lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni wọ́n rí i ni, orí rẹ̀ ni ì bá já lé.

Ohun méjì ni wọ́n kọ̀. Ó béèrè kí ìwòsàn ìdílé rẹ̀ máa lọ títí di ìparí ọdún. Wọ́n ní ó parí pẹ̀lú oṣù náà. Ó béèrè fún lẹ́tà tí yóò yìn ín fún ilé iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n fún un ní èyí tó sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí àti ipò rẹ̀ nìkan. Lọ́yà ti sọ fún un ṣáájú pé wọn yóò kọ méjèèjì, kí ó sì fi wọ́n síbẹ̀ kí HR lè rí ohun tí wọn yóò sọ pé àwọn borí lórí.

Àwọn yìí ni ìṣirò ìkẹyìn: ₦1,210,000 fún ọdún mọ́kànlá, ₦240,000 dípò ìkìlọ̀, ₦152,727 fún ìsinmi, wọ́n yọ ₦31,000, ó ku ₦1,571,727. ₦85,000 ti àjẹsẹ́kù tún wà lọ́tọ̀. Bí a bá yọ owó lọ́yà, ohun tó wọlé fi ₦642,727 ju ìwé àkọ́kọ́ lọ, láìtíì ka owó ìfẹ̀yìntì.

Owó ìfẹ̀yìntì yẹn ló pẹ́ jù, ọ̀nà tí lọ́yà gbà sí i sì yẹ kí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́. Kò jẹ́ kó wọ inú ìdúnàádúrà. Owó òṣìṣẹ́ ni, ilé iṣẹ́ kò lè fi ṣe ẹ̀bùn. Ó kàn ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ìlà tó ní òṣìṣẹ́ kò ní béèrè ohunkóhun mọ́ kò kan owó ìfẹ̀yìntì tí kò tíì wọ àpò, kí wọ́n sì dárúkọ oṣù méje náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ilé iṣẹ́ bá fà sẹ́yìn, PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ni wọn yóò kọ̀wé sí, kì í ṣe ilé ẹjọ́. Ó ṣe pàtàkì fún un nítorí ohun mìíràn: ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tí kò rí iṣẹ́ mìíràn láàárín oṣù mẹ́rin, lè gba tó ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 25, nínú ohun tó wà ní àpò náà. Ohun tí kò wọlé, wọn kò lè ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn.

Ọkùnrin kan tí wọ́n jọ wà ní ẹ̀ka kan náà fọwọ́ sí tirẹ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, owó sì wọlé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tó gbọ́ nípa ìsinmi, ó padà lọ béèrè ọjọ́ 19 tirẹ̀. Wọ́n ṣí ojú ìwé kẹta hàn án: "mo ti gba gbogbo ohun tó tọ́ sí mi." Lọ́yà kan náà kà á, ó ní owó ìfẹ̀yìntì nìkan ni òun lè bá a lépa, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Fún àwọn HR, ìwé ìdínkù tó ní òṣìṣẹ́ ló fi iṣẹ́ sílẹ̀ kò dáàbò bo ilé iṣẹ́. Bí ó bá dé iwájú adájọ́, lẹ́tà àti àdéhùn tí wọ́n kọ ní ọjọ́ kan náà yóò máa ta ko ara wọn. Fún aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ yẹn ni wọ́n tó sọ fún tibí, ó sì dákẹ́. Ìwé ìbéèrè kan péré láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ì bá ti jẹ́ kí iye ọdún àwọn tó ṣe casual jáde fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ìwé wọn jọra sì lè dá owó lọ́yà jọ, bí ohun tí wọ́n ń béèrè kò bá ta ko ti ara wọn. Níbi ìkẹ́rùsí yìí, ọ̀rọ̀ ẹni tó dé kẹ́yìn ì bá ti dá wọn níyà.

Ó fọwọ́ sí àdéhùn tí wọ́n tún kọ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀dà méjì, wọ́n fọwọ́ sí igun gbogbo ojú ìwé. Ó kọ ọjọ́ sí i pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó ya fọ́tò rẹ̀ kó tó kúrò ní yàrá náà, ó sì fi ímeèlì ránṣẹ́ sí HR láti inú àpò ímeèlì tirẹ̀, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́, nítorí wọn yóò ti ìyẹn pa kí ilẹ̀ tó ṣú.